Ó Kéré sí Ti Ta Ni?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwa tí a dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ èèwọ̀ yìí láti kékeré. Bí àlejò bá wọ inú agbo ilé, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka sí àwọn ọmọ tí ń ṣeré, tí ó ń ní ení, èjì, ẹ̀ta, ìyá kan kò ní ṣàì jáde láti inú yàrá wá pa á lẹ́nu mọ́. Lónìí, kí a tó bí ọmọ rárá ni a ti ń wọn orí rẹ̀, tí a ń wọn ikùn rẹ̀, tí a sì ń wọn egungun itan rẹ̀. Ní ibòmíràn, ọwọ́ ènìyàn kọ́ ni ó ń wọ̀n wọ́n mọ́. Ẹ̀rọ ni ó ń fa ìlà, ẹ̀rọ ni ó ń ka iye, ẹ̀rọ kan náà ni ó sì ń dájọ́. N kò jókòó kọ àròkọ yìí láti sọ pé kí a gbé ẹ̀rọ náà jù sínú ọ̀sà. Ohun tí mo fẹ́ bèèrè ni pé, òṣùwọ̀n ta ni ó wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ yìí, níbo ni wọ́n ti gé e, èé sì ti ṣe tí àwa tí a ni ọmọ kò fi bèèrè?

Ìbéèrè náà kì í ṣe tèmi ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó ni ín. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ti ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún ọdún pípẹ́ ní ọjà Òkè-Àrìn. Ọmọ rẹ̀ lóyún, oyún náà sì ti wọ oṣù keje, ni àwọn méjèèjì bá jọ lọ ṣe skáànì ní yàrá kan ní Erékùṣù Èkó. N kò ní dárúkọ yàrá náà, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí ẹ̀rọ fi nǹkan tútù kan tí ó ń yọ̀ ra ikùn aboyún, ó ń fi ọwọ́ ẹ̀rọ náà rìn lórí rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnì kan. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fa ìlà yí orí ọmọ ká, ó fa òmíràn yí ikùn rẹ̀ ká, ó fa ẹ̀kẹta láti ìbẹ̀rẹ̀ egungun itan dé òpin rẹ̀, ó sì kọ iye gbogbo wọn sílẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ìwé fi jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ìwé, ó ní, “Màmá, ọmọ yìí kéré.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ọmọ mi, ó kéré sí ti ta ni?”

Ó ní, “Màmá, ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ta ni ẹ̀rọ fi wé tiwa?”

Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn nínú yàrá náà. Wọ́n san owó, wọ́n gba ìwé, wọ́n sì gbé ìpayà lọ sí ilé.

Àwọn tí kò mọ ọjà lè rò pé àìmọ̀wé ni ó jẹ́ kí ó bèèrè bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀ pé ọgbọ́n ọjà ni. Kò sí obìnrin tí ó mọ ọjà ná ní Èkó tí yóò ra ìrẹsì láìwo inú kóńgò. Ó mọ̀ pé àwọn kan a máa tẹ ìdí kóńgò sínú, àwọn mìíràn a sì máa fi nǹkan dí i nísàlẹ̀. Ó tún mọ̀ pé kóńgò ọjà kan lè tóbi ju ti ọjà kejì lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Nítorí náà, kí ó tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á, yóò kọ́kọ́ bèèrè irú kóńgò tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìbéèrè tí ó tọ́ sí ìrẹsì, ṣé kò wá tọ́ sí ọmọ ni?

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀rọ náà wò dáadáa, kí a má baà bú ohun tí a kò mọ̀. Ọlẹ̀ ni Yorùbá ń pe ọmọ tí ó ṣì wà nínú oyún. Ẹ̀rọ yìí ń rán ìró kan tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ sínú ikùn aboyún. Bí ìró náà bá kan egungun tàbí ẹran ara ọlẹ̀, yóò padà wá gẹ́gẹ́ bí gbohùngbohùn ṣe ń padà láti ara àpáta, ẹ̀rọ yóò sì fi ìró tí ó padà náà ya àwòrán. Ian Donald, dókítà aboyún ní ìlú Glasgow ní Skọ́tláńdì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ John MacVicar àti Tom Brown, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí síta fún ayé nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 1958. Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ohun tí àwòrán náà fi hàn. Ní ọdún 1968, Stuart Campbell kọ̀wé lórí bí a ṣe ń wọn ìbú orí ọlẹ̀. Ní ọdún 1973, Hugh Robinson fi hàn bí a ṣe lè wọn ọlẹ̀ láti àtàrí dé ìdí nígbà tí oyún ṣì kéré. Ní ìlú Houston ní Texas, ní nǹkan bí ọdún 1984 sí 1985, Frank Hadlock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò tí ó so ìwọ̀n orí, ikùn àti egungun itan pọ̀, tí a fi ń sọ ọjọ́ orí ọlẹ̀ àti bí ó ti ṣe wúwo tó. Ìṣirò Hadlock yìí wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ skáànì títí di òní olónìí. Nígbà tí Hadlock sì tún gbé àtẹ ìdàgbàsókè ọlẹ̀ jáde ní ọdún 1991, aboyún 392 ni ó fi ṣe é, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun tí wọ́n rí ọwọ́ họrí.

Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ènìyàn ni ó ń fa ìlà. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé a ti kọ́ ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá láti fà á fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní álífábẹ́ẹ̀tì. Wọn yóò kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán síwájú rẹ̀, orí èyí tí àwọn ọ̀mọ̀ràn ti sàmì sí pé èyí ni orí, èyí ni ikùn, èyí ni itan. Ẹ̀rọ yóò máa wò ó títí yóò fi lè dá a mọ̀ láìsí olùkọ́. Ṣùgbọ́n àwòrán ta ni wọ́n kó síwájú rẹ̀? Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè Họ́láǹdì kó àwòrán orí ọlẹ̀ 1,334 jáde láti ara aboyún 551, kí gbogbo ayé lè fi kọ́ ẹ̀rọ wọn. Ní ọdún 2020, àwọn ti Barcelona ní orílẹ̀-èdè Spéìnì kó àwòrán 12,400 jáde láti ara aboyún 1,792. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn méjèèjì, mo sì kí wọn kú iṣẹ́. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú ọmọ tiwọn, bí ó ti yẹ kí olúkúlùkù ṣe. Ẹ̀bi náà wà lọ́rùn àwa tí a gba ẹ̀rọ tí a kò bèèrè ẹni tí ó kọ́ ọ.

Nígbà náà, òṣùwọ̀n méjì ni a ń yá. Èkíní ni ojú tí ẹ̀rọ fi ń rí ìlà. Èkejì ni àtẹ tí ó fi ń dájọ́ pé èyí tóbi, èyí kéré. Bí ojú náà bá ṣì í, àtẹ náà yóò ṣì í. Bí ojú náà bá sì rí i bí ó ti rí, àtẹ tí kò bá wa mu ṣì lè ṣi wá lọ́nà. Yorùbá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé aṣọ à-gbà-bọ̀ra kì í bá ni lára mu; bí kò fún ni lápá, a so ni lọ́rùn.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ọ̀mọ̀ràn ayé fẹnu kò lórí àtẹ yìí. Ní ọdún 2014, àwọn tí wọ́n ń pe iṣẹ́ wọn ní INTERGROWTH-21st gbé àtẹ kan jáde. Ibi mẹ́jọ ni wọ́n ti wọn ọlẹ̀: Pelotas ní Bràsíìlì, Turin ní Ítálì, Muscat ní Oman, Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Seattle ní Amẹ́ríkà, àgbègbè Shunyi ní Beijing ní Ṣáínà, Nagpur ní Íńdíà àti Nairobi ní Kẹ́ńyà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé níbi tí ìyá bá ti ní ìlera, tí ó jẹun kánú, ìdàgbàsókè ọlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní gbogbo ayé, àtẹ kan ṣoṣo sì tó. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àtẹ tiwọn jáde láti orílẹ̀-èdè mẹ́wàá: Ajẹntínà, Bràsíìlì, Dẹ́ńmáàkì, Faransé, Íńdíà, Íjíbítì, Jámánì, Nọ́wè, Tàílándì, àti Kóńgò ti Kinshasa, èyí tí kì í ṣe kóńgò ọjà. Àwọn wọ̀nyí rí ìyàtọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè kan àti èkejì. Ẹ tún orúkọ àwọn ibi wọ̀nyí kà, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Kẹ́ńyà wà níbẹ̀, Íjíbítì wà níbẹ̀, Kinshasa wà níbẹ̀. Láti Dakar títí dé Calabar, kò sí ìlú kan ṣoṣo ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a ti wọn ọmọ fún èyíkéyìí nínú àtẹ méjèèjì.

Nígbà tí àwọn àgbà méjì ń jiyàn báyìí, ẹ̀rọ tí ó wà ní yàrá skáànì ti gbè sẹ́yìn ọ̀kan. Ẹni tí ó kọ́ ọ ti yan àtẹ kan fún un kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìyá tí ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kò mọ̀ pé iyàn kankan wà. Ìdájọ́ nìkan ni ó ń gbọ́.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí a ṣe àtẹ tiwa, kí àwọn ọmọ tí ó kéré lè dà bí ẹni pé wọn kò kéré ni?” Ìbéèrè gidi ni èyí, n kò sì ní fò ó. Bí ìyá kò bá jẹun kánú, bí ibà bá ń ṣe é ní gbogbo ìgbà oyún, ọlẹ̀ inú rẹ̀ lè má dàgbà tó bí ó ti yẹ. Bí a bá wá wọn kìkì irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí a sì fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n, a ti fi àtẹ bo ebi mọ́lẹ̀ nìyẹn. A ó máa sọ fún ìyá tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ nínú pé ọmọ rẹ̀ dára, nítorí pé ebi ń pa àwọn yòókù pẹ̀lú. Rárá o. N kò bèèrè fún kóńgò tí a tẹ ìdí rẹ̀ sínú nítorí pé ọwọ́ wa ni ó ti jáde. Kóńgò tí ó pé ni mo ń bèèrè, tí a mọ ẹni tí ó rọ ọ́, tí a sì ti dán wò níhìn-ín, lójú wa. Ó lè jẹ́ pé nígbà tí a bá dán àtẹ àwọn àlejò wò lára àwọn ọmọ wa tí ìyá wọn ní ìlera, a ó rí i pé ó bá wa mu rẹ́gí. Kí a lò ó nígbà náà pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí a máa lò ó láìdán an wò, kí a sì máa pe ìgbọ́ràn bẹ́ẹ̀ ní ìmọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé a kò ní ẹni tí ó lè ṣe é. Ní ọdún 1986, S. O. Ayángadé àti F. E. Okonofua, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ìbú orí ọlẹ̀ ṣe ń dàgbà láàárín àwọn ènìyàn wa. Ní ọdún 1988, Okonofua àti Ayángadé pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn tún tẹ òmíràn jáde lórí ìwọ̀n ikùn ọlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ẹ ronú sí ọdún wọ̀nyẹn. Ọdún méjì ni ó wà láàárín ìṣirò ti Texas àti ìwádìí ti Ifẹ̀. A kò pẹ́ rárá. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ kóńgò tiwa nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń rọ tiwọn lọ́wọ́. Kí ni a wá ṣe sí i? Iṣẹ́ Texas wọ inú ẹ̀rọ, ó sì gba ojú òkun padà wá bá wa; iṣẹ́ Ifẹ̀ wọ inú ilé ìkàwé, ibẹ̀ ni ó sì jókòó sí. Èébú ni èyí jẹ́ fún àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ Yunifásítì. A máa ń kọ̀wé kí a lè gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ìgbéga bá sì ti dé, a kì í bèèrè ibi tí ìwé náà wà mọ́.

Àwọn ará Sáḿbíà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2022, ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ ní Lusaka àti ní North Carolina jọ ṣe. Wọ́n fi hàn pé ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ skáànì lè fa ọwọ́ ẹ̀rọ kọjá lórí ikùn aboyún lọ́nà tí a là sílẹ̀ fún un, kí ẹ̀rọ sì sọ ọjọ́ orí oyún tó bí ẹni tí ó mọṣẹ́ dunjú yóò ti sọ ọ́. Ohun ìyanu ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé àwọn aboyún Lusaka wà lára àwọn tí ẹ̀rọ náà fi kọ́ ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2023 bákan náà, àwọn mìíràn gbé ẹ̀rọ tí a fi àwòrán Spéìnì kọ́ wá dán wò lórí àwòrán láti Àlgéríà, Íjíbítì, Gánà, Màláwì àti Ùgáńdà. Wọ́n rí i pé ó sàn fún ẹ̀rọ náà nígbà tí a fi ìwọ̀nba àwòrán díẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà kún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo wí. Kì í ṣe òkè owó ni ó ń dí wa lọ́wọ́. Àìbìkítà ni.

Mo fẹ́ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì báyìí, nítorí pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí wọ́n rò pé ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń sọ pé kí ni a ń fi skáànì ṣe, ṣebí ìyá àgbà mẹ́wàá ni ó bímọ ní agbo ilé wa kí ẹ̀rọ tó dé. Òótọ́ ni pé ìyá àgbà mẹ́wàá bímọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ ìtàn ìkọkànlá, tí ó kú sórí ìkúnlẹ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023, nǹkan bí ẹgbàá mẹ́tàdínlógójì àti ẹgbẹ̀rún kan obìnrin, ìyẹn 75,000, ni ó kú nítorí oyún tàbí ìbímọ ní Nàìjíríà. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní àgbáyé lọ. Ọwọ́ agbẹ̀bí tí ó mọṣẹ́ lè mọ ibi tí orí ọmọ wà, ó sì lè fojú díwọ̀n oṣù oyún. Kò lè rí ibi-ọmọ tí ó dí ẹnu ọ̀nà ilé-ọlẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ẹ̀rọ lè rí i. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dá a lámọ̀ràn ní ọdún 2016 pé kí aboyún kọ̀ọ̀kan ṣe skáànì kan, ó kéré tán, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Àkókò ṣe pàtàkì. Bí a bá wọn ọlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọjọ́ orí tí a ó sọ kì í fi ju ọ̀sẹ̀ kan yẹ̀. Bí ìyá bá dúró di oṣù kẹjọ kí ó tó lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó gbọ́n jù lọ ní ayé kò lè dá àkókò tí ó ti kọjá padà. Ẹni tí ó bá fi òwe ‘a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ’ dí aboyún lọ́nà skáànì kò gbọ́ òwe náà yé.

Kí wá ni òwe náà ń sọ? Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn náà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wa ti rí. Òwe náà kò sọ pé a kì í ka ọmọ. Ìyá a máa ka ọmọ rẹ̀ kí ó tó ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Ohun tí ó sọ ni pé a kì í kà á fún ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, ‘fún’, ni ó ru ẹrù gbólóhùn náà. Èèwọ̀ náà kò lòdì sí iye. Ó lòdì sí kíkà tí ẹlòmíràn ń ka ohun tí í ṣe tẹni, tí a sọ olóhun di òǹwòran.

Ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ ní yàrá skáànì yẹn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn mìíràn, wọ́n sì bá nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí àgbà kan pàdé. Obìnrin yìí kò bú ẹ̀rọ, kò sì ya ìwé náà. Ó ka á tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Ìgbà wo ni nǹkan oṣù gbẹ̀yìn? Ṣé ó dá a lójú? Báwo ni àwọn ọmọ tí ó ti bí tẹ́lẹ̀ ṣe rí nígbà tí wọ́n dé ayé? Ó wo ìyá náà tìkára rẹ̀, tí kò ga, tí egungun rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó sì fi téèpù wọn ikùn rẹ̀. Ó wá ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí a tún un wọ̀n. A ó fi ọmọ náà wé ara rẹ̀.”

Ẹ gbọ́ bí àgbà ṣe dáhùn ìbéèrè tí ẹ̀rọ kò lè dáhùn. Ó kéré sí ti ta ni? A ó fi wé ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ náà ti fi ohun tí ó yẹ kún ara. Nígbà tí ọjọ́ pé, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. N kò sọ èyí láti fi dójú ti ẹ̀rọ. Ọmọ kan kò tó ẹ̀rí, bí ọmọ náà bá sì ti ṣíwọ́ dídàgbà ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ẹ̀rọ kan náà ni ìbá gbà á là. Ohun tí mo ń sọ ni pé iye tí ẹ̀rọ sọ yẹ kí ó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní yàrá àkọ́kọ́, òun ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Ó ku ẹjọ́ kan, èyí tí ó kan èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo gba ìwé skáànì náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo kà á. BPD, HC, AC, FL, EDD: lẹ́tà lásán ni, láìsí ọ̀rọ̀ kan tí obìnrin tí wọ́n kọ ọ́ fún lè kà kí ó yé e. Inú fẹ́ bí mi sí àwọn dókítà, ṣùgbọ́n mo rántí pé ní ọdún 1984 àti 1990, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wa gbé ìdìpọ̀ méjì ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde. Iṣẹ́ takuntakun ni, láìsí i, a kì bá tí lè kọ́ ẹ̀kọ́ gírámà ní èdè wa. Àwa tí a tẹ̀lé wọn ni ó yẹ kí a tẹ̀ síwájú, a kò sì tẹ̀ síwájú tó. A wá orúkọ fún gbogbo ohun tí ó wà nínú gbólóhùn, a kò wá orúkọ fún ohun tí wọ́n ń wọ̀n nínú ikùn àwọn ọmọbìnrin wa. Kò sì ṣòro. Ìbú orí. Àyíká orí. Àyíká ikùn. Gígùn egungun itan. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tí a ń retí. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo wọn ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo pè wọ́n, kò sì bèèrè ìtumọ̀ ọ̀kankan.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bèèrè. Èkíní, kí ilé-ìwòsàn àti yàrá skáànì kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ sórí ìwé, ní èdè tí ó yé ìyá, àtẹ tí ẹ̀rọ wọn fi dájọ́ àti bí iye náà ṣe lè yẹ̀ tó. Alátẹ ìrẹsì kì í fi kóńgò rẹ̀ pamọ́. Kí oníṣẹ́ ìlera má fi tirẹ̀ pamọ́. Èkejì, kí àwọn ilé-ìwòsàn ńlá àti Yunifásítì wa gbé iṣẹ́ tí àwọn ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dìde, kí wọ́n dán ẹ̀rọ wọ̀nyí wò lára àwọn aboyún wa tí ìlera wọn pé, kí ìjọba má sì ra èyí tí a kò tíì dán wò. Kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ ìyá kí wọ́n tó lo àwòrán ọmọ rẹ̀, kí wọ́n má sì tà á sókè òkun kí a tún padà fi owó rà á. Àwọn baba ńlá wa ti kó èkùrọ́ ránṣẹ́ láti etíkun Èkó rí, wọ́n sì ra ọṣẹ padà. Kí a má ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ inú. Ẹ̀kẹta, kí a má gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ẹ̀rọ rọ́pò nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. Bí ẹ̀rọ bá gba ìlà fífà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lo àyè tí ó rí láti bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìyá.

Èkó ilé ọgbọ́n ni à ń wí. Ọgbọ́n tí ó mú kí Èkó di ọjà ayé ni pé àwọn obìnrin rẹ̀ kì í gba òṣùwọ̀n àlejò láìyẹ̀ ẹ́ wò, wọn kì í sì í lé àlejò padà pẹ̀lú ọjà rẹ̀. Wọn a wo ìdí kóńgò, wọn a fi ọwọ́ gbá a, wọn a sì ná an. Ní ọjọ́ tí aboyún bá tún dùbúlẹ̀ ní yàrá skáànì, tí wọ́n sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kéré, kí òun náà bèèrè, láìbẹ̀rù, pé ó kéré sí ti ta ni. Kí ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ sì rí ìdáhùn fún un.